Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Fún Un Ní Oògùn Ẹ̀fọ́rí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrùn ìlú òkèèrè tí kò kàn wá. Inú ilé wa ni ó wà. Ó wà nínú àpamọ́wọ́ ìyàwó ilé, ó wà nínú àpótí bàbá, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ akérò. Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀fọ́rí ni, pàápàá jù lọ aspirin, àti ohun tí ó lè fi ojú àwọn kan rí nínú àwọn tí ó ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní àsìkò ọdún Kérésìmesì kan, mo wà ní Ìgbájọ. Ẹni tí ó bá mọ Ìgbájọ mọ̀ pé ìlú orí òkè ni, bí ọyẹ́ bá sì dé, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ ìlú ti ti Èkó, Ìbàdàn àti Òṣogbo dé láti bá àwọn ará ilé ṣọdún. Nínú agbo ilé kan tí mo lọ kí àwọn ènìyàn, ìyàwó kan wà níbẹ̀ tí ó bá ọkọ rẹ̀ ti Èkó wá. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó ní ikọ́ fée, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí: àwọn obìnrin wa kì í fẹ́ sọ irú nǹkan báyìí létí àna, kí wọ́n má baà ní olókùnrùn ni ọmọ àwọn gbé wálé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọbẹ̀ jóná lórí iná. Gbogbo agbo ilé ni ó gbọ́ òórùn rẹ̀, àfi ìyàwó yìí tí ó jókòó ti ìkòkò gan-an. Àwọn obìnrin ilé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó Èkó, ṣé o gbàgbé imú rẹ sí Èkó ni?” Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí imú òun ti máa ń dí ṣáá, tí òun kò sì gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́. Kò sí ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ náà sí. Èmi pàápàá kò kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ imú yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bá a.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ó ro ọkà fún un jẹ ní ọjọ́ náà, rán ọmọ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ọmọ náà mú hóró oògùn méjì bọ̀ nínú pépà tí wọ́n ká pọ̀. Kò sí orúkọ kankan lára pépà náà.

“Ìyàwó wa, gba èyí, fi omi gbé e mì, kí o lọ fara balẹ̀ sùn díẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, Ìyáa mi. Ẹ kú ìtọ́jú wa.” Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó sì gbé e mì.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà ni imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ojú rẹ̀ pọ́n. Àyà rẹ̀ há, ó ń mí gúlegúle, ohùn inú àyà rẹ̀ sì ń dún bí fèrè. Nígbà tí a fi máa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kí ó tó tún wá èémí. Ilé dàrú. Ẹnì kan ń wá epo pupa, ẹnì kan ń ké pe Ọlọ́run, ẹlòmíràn ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n máa fẹ́ ẹ. Orí ni ó bá a ṣe é tí nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì fi wà ní ojúlé kejì. Ìyá náà wọlé, ó gbé e jókòó dáadáa, ó lé gbogbo wa sẹ́yìn, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó ní ìnhélà, wọ́n sì sáré gbé e wá. Lẹ́yìn náà ni ó wo ojú gbogbo wa, tí ó sì béèrè pé, “Kí ni ẹ fún un lò?”

Wọ́n gbé ìyàwó náà lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì kú. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tí ó gbé e tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ọ̀rọ̀ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní agbo ilé. Àwọn kan ní ta ni ó fún un ní oúnjẹ? Ta ni ó fún un ní oògùn? Wọ́n rántí ìjà ilẹ̀ tí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, obìnrin tí ó fi inú rere tọ́jú ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti di àjẹ́ lẹ́nu àwọn ará ilé.

Èyí ni ó mú mi gbé kálàmù ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èrò mi ni pé ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì náà béèrè nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ẹ̀pa má bóró mọ́, ó yẹ kí á máa béèrè irú rẹ̀ kí oògùn tó dé ẹnu. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: “Ṣé o ní ikọ́ fée?” Kò gba owó, kò gba àkókò. Ẹni tí ń tà á, ẹni tí ń fúnni, àti ẹni tí ń lò ó, kò sí èyí tí kò kàn nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ara obìnrin náà.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ó sì ń gbà jáde, bí ẹ̀ka igi. Lára ẹni tí ó ní ikọ́ fée, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í fara balẹ̀. Eruku, èéfín, òtútù tàbí ọ̀fìnkìn lè mú kí ẹran ara wọn fún pọ̀, kí inú wọn wú, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dí wọn. Ìdí nìyí tí àyà fi ń dún fée fée.

Nínú ara kan náà, àwọn èròjà kan wà tí à ń pè ní prostaglandin. Àwọn kan nínú wọn ni ó ń mú kí ojú egbò máa ro wá, kí ara wa sì gbóná nígbà tí ibà bá dé. Aspirin a máa dá iṣẹ́ tí ń pèsè wọn dúró, nítorí náà ni ẹ̀fọ́rí fi ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ oníwàhálà. Ọ̀kan wà nínú wọn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti aṣọ́bodè: òun ni ó ń dá àwọn èròjà mìíràn lẹ́kun, àwọn tí à ń pè ní leukotriene, kí wọ́n má baà ya bo ọ̀nà èémí. Àwọn leukotriene wọ̀nyí ni ó ń fún ọ̀nà èémí pọ̀, tí wọ́n sì ń mú un wú, tí wọ́n sì ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí i. Bí aspirin bá ti lé aṣọ́bodè yìí kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lára ọ̀pọ̀ nínú wa, èyí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn oníkọ̀ọ́ fée tí leukotriene ti pọ̀ jù lára wọn tẹ́lẹ̀. Lára àwọn wọ̀nyí, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́ta, imú a dí, a sì máa ṣomi, ojú a pọ́n, àyà a sì há. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ ní inú rírun pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́ kíákíá, ó lè pa ènìyàn.

Kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ó ṣe é. Kì í ṣe ayé ni ó ṣe é. Oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ tuntun ni mo gbé dé yìí. Rárá o. Aspirin fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní 1763, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edward Stone kọ ìwé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé èèpo igi willow dára fún ibà. Nínú irú igi yìí ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí èròjà tí ó bí aspirin. Ní 1897, Felix Hoffmann ṣe ògidì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún gbogbo ayé ní 1899. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Jacob Sogboyega Odulate, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Blessed Jacob, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oògùn oníyẹ̀fun Alábùkún ní Abẹ́òkúta ní 1918. Aspirin àti kaféènì ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa lò ó fún ẹ̀fọ́rí, wọ́n lò ó fún akokoro, wọ́n lò ó fún ara ríro, ó sì ṣe wọ́n ní àǹfààní. Àwọn àgbà yóò tún rántí Phensic àti Cafenol. Aspirin ni ó wà nínú ìwọ̀nyẹn náà. N kò sì bá oògùn wọ̀nyí jà. Oògùn rere ni aspirin, títí di òní olónìí ni àwọn dókítà sì ń fún àwọn tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kan lò, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú iṣan wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun mi ni èyí. Ní 1922, Fernand Widal, dókítà kan ní Paris, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta máa ń rìn pọ̀ lára àwọn kan: ikọ́ fée, ẹran wẹ́wẹ́ tí ń hù nínú imú, àti aspirin tí ara kò gbà. Ní 1968, Max Samter àti Roland Beers tún sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo dókítà fi gbọ́. Ní 1971, John Vane ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn bí aspirin ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ní 1975, Andrzej Szczeklik pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pólàǹdì fi ìmọ̀ yìí tọ́ka sí ìdí tí ọ̀nà èémí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ń há. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé. Kí ni ó dé tí kò tíì dé agbo ilé wa? Kí ni ó dé tí oògùn fi dé abúlé kí ìmọ̀ nípa oògùn tó dé ibẹ̀?

Ẹ̀yin lè béèrè pé, “Ṣé àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?” Àkójọ ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí ó ní ikọ́ fée, nǹkan bí méje ni aspirin ń há àyà fún, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ikọ́ fée tiwọn le gan-an, wọ́n tó márùn-ún-dín-lógún. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi ojú bù ú pé àwọn tí ó ní ikọ́ fée tó nǹkan bí mílíọ̀nù 13. Ẹ wo iye ilé tí ọ̀rọ̀ yìí lè kàn.

Báwo ni a ó ti mọ̀ wọ́n? Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ imú tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Lára púpọ̀ nínú wọn, imú ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ẹni ogún ọdún sí ẹni àádọ́ta ọdún, ọ̀fìnkìn kan a dé tí kò ní lọ. Imú a máa dí lójoojúmọ́. Òórùn ọbẹ̀, òórùn ọṣẹ, òórùn iná, gbogbo rẹ̀ a di ohun tí wọn kò gbọ́ mọ́. Bí dókítà bá wo inú imú náà, ó lè rí àwọn ẹran wẹ́wẹ́ tí ó rọ̀, tí ó ń dán, tí ó rọ̀ sílẹ̀ bí èso àjàrà. Wọ́n lè gé e, kí ó tún hù. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ fée a bẹ̀rẹ̀, tàbí kí èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ le sí i. Àwọn kan nínú wọn a tún máa sọ pé ọtí díẹ̀ péré a máa dí àwọn nímú, a sì máa há àwọn láyà. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tí ó ní ikọ́ fée, tí imú rẹ̀ ń dí ṣáá, tí kò sì gbọ́ òórùn, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí a ti ṣe ní ọjọ́ náà. Ẹ ní kí ó lọ rí dókítà, ẹ má sì fún un ní aspirin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò jiyàn pẹ̀lú mi. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹni kìíní yóò ní, “Èmi ní ikọ́ fée, mo sì ti ń lo aspirin láti ìgbà èwe mi, kò ṣe mí ní nǹkan kan.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníkọ̀ọ́ fée ni aspirin kò ṣe ní nǹkan, èmi kò sì fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ̀ pé àìsàn yìí kì í bá ènìyàn wáyé. Ọjọ́ kan ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà, ẹni tí ó ti ń lo oògùn náà fún ogún ọdún láìsí ewu sì lè bá a pàdé lọ́la. Bí imú rẹ bá ti ń dí lójoojúmọ́, tàbí tí ikọ́ fée rẹ ti yí padà, má ṣe gbára lé àná.

Ẹni kejì yóò ní, “Kí wọ́n fún mi ní èyí tí kì í ṣe aspirin nígbà náà, irú bí ibuprofen.” Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ibuprofen, diclofenac, naproxen, piroxicam, indomethacin àti ketoprofen, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n bí a bá ń sọ ti ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí aspirin ń dá dúró nínú ara ni àwọn náà ń dá dúró. Ẹni tí aspirin bá há àyà fún, ìwọ̀nyí náà lè há a láyà, ìbáà ṣe hóró, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un sí ìdí nítorí ara ríro.

Ẹni kẹta yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí dókítà fi abẹ́rẹ́ kékeré dán an wò lára awọ mi, kí n lè mọ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò awọ kò lè fi èyí hàn. Bí ìtàn ẹni náà kò bá tíì fi hàn gbangba, ní ilé ìwòsàn ńlá ni a ti ń fi oògùn náà dán an wò díẹ̀díẹ̀, níbi tí dókítà àti ẹ̀rọ èémí wà nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò nínú yàrá rẹ̀.

Ẹni kẹrin ni olóògùn, ó ní, “Bí mo bá ń bi gbogbo oníbàárà mi léèrè, ọjà mi kò ní yá.” Èmi ní yóò yá. Ẹni tí o bá dáàbò bò ni yóò padà wá. Ẹni tí ó bá kú kì í padà wá ra nǹkan. Mo sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn olóògùn wa lórí pépà kíká yìí. Kí á tú hóró oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀, kí á kà á sínú pépà tí kò ní orúkọ, kí á sì gbé e lé ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ lọ́wọ́, kò dára. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà béèrè ohun tí a fún ìyàwó lò, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ̀ ọ́n. Odidi ọkọ̀ kan ni a fi ránṣẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù kí á tó mọ̀ pé aspirin ni. Orúkọ oògùn jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ra á.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní, ẹ máa béèrè. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ẹ̀fọ́rí tàbí ti ara ríro, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ bi í bóyá ó ní ikọ́ fée, àti bóyá oògùn kankan ti há a láyà rí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi aspirin àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ní ikọ́ fée, ẹ máa sọ. Ikọ́ fée kì í ṣe ẹ̀sín, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ẹ sọ ọ́ fún ọkọ, fún aya, fún àna, fún olùkọ́ ọmọ yín. Bí aspirin bá ti há yín láyà rí, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì kékeré, kí ẹ fi í sínú àpamọ́wọ́ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo dókítà, nọ́ọ̀sì àti dókítà eléyín tí ẹ bá lọ bá.

Ẹ̀kẹta, paracetamol ni ó sàn jù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ara wọn kò gba aspirin. Kí wọ́n fi hóró kan oní-miligíráàmù 500 bẹ̀rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn lè ní ìnira bí wọ́n bá lo miligíráàmù 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka ara páálí dáadáa, nítorí àwọn oògùn kan wà tí wọ́n po paracetamol pọ̀ mọ́ ibuprofen tàbí diclofenac.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí dókítà bá fún ní aspirin nítorí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ má ṣe tìtorí ohun tí mo kọ yìí sọ ọ́ nù. Bí ó bá ní ikọ́ fée, kí ó padà lọ bi dókítà náà léèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ní aspirin, bí kò ṣe pé dókítà ni ó pàṣẹ rẹ̀. Àìsàn mìíràn tí ó ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ẹ̀karùn-ún, bí àyà bá há ẹnì kan lójú yín, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ gbé e jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ tú aṣọ tí ó há mọ́ ọn lára. Ẹ má rọ epo pupa tàbí omi sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó fa ìnhélà salbutamol, èyí tí ó sábà ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó lè tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹ wá ọkọ̀ ní àkókò kan náà. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ilé àdúrà ni a ó kọ́kọ́ gbé e lọ. Kí àdúrà máa bá ọkọ̀ lọ.

Gbogbo wa ni a sì mọ bí owó ìnhélà ti gun òkè láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá lè ra ìnhélà nígbà gbogbo, ìbéèrè kan tí kò gba kọ́bọ̀ ni ààbò tí ó pọ̀ jù fún un.

Mo fẹ́ fi ìparí ìtàn náà parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ìyàwó náà ti ń gbádùn, dókítà bi í léèrè ìmú àti òórùn, ó wo inú imú rẹ̀, ó sì bá a rí àwọn ẹran náà. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó sì la gbogbo ọ̀rọ̀ yé e. Ọkọ padà sí Ìgbájọ, ó pe àwọn ará ilé jọ, ó sì sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀wọ́, kò mọ ẹsẹ̀. Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ wíwúwo wá bẹ obìnrin náà. Ó gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ gbólóhùn kan tí kò kúrò ní etí mi títí di òní. Ó ní, “Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Mo bi í bóyá òtútù ń mú un. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í léèrè èémí rẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Ẹ bi í léèrè o.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí Elédùmarè jẹ́ kí èémí gbogbo wa máa lọ geerege.